Kí ló dé tí bàbá mi ò fi di gbajúmọ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe tíátà?

Arábìnrin kan láti Mọ̀pà, nílẹ̀ Yàgbà láàárín àwa Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ló kọ ìwé yìí sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ gbogbo èèyàn kúrò nínú ẹ̀: "Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Tíátà ni wọ́n ti ń ṣe látìgbà tí wọ́n ti sá kúrò nílé lọ bá ẹgbẹ́ eléré kan l'Óṣogbo, wọn ò tíì bí mi rárá nígbà yẹn. Wọ́n ṣe ti orí ìtàgé, wọ́n ṣe tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ṣe sinimá, wọ́n ṣe fídíò, ní báyìí YouTube ni wọ́n ń ṣe. Nínú gbogbo ẹ̀, bí wọn ò bá jẹ́ babaláwo wọ́n á jẹ́ ìjòyè, bí wọn ò bá jẹ́ ìjòyè wọ́n á jẹ́ bàbá ìyàwó. Tí wọ́n bá dé ọjà Kàbbà àwọn ọmọdé á máa pariwo 'Bàbá Awo', àwọn àgbà á máa bá wọn ya fọ́tò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Àwọn ẹbí ní ayé ló ṣe é, pé ẹnìkan ló so wọ́n mọ́lẹ̀. Pásítọ̀ wa ní ọfọ̀ tí wọ́n ń pè nínú fíìmù ò ní jẹ́ kílé wa gún. Owó ò sí lọ́wọ́ wọn, orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ tí purodúsà bá pè láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wọ́n á di báàgì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ ká ṣe fídíò síta ká fi tọrọ owó fún wọn. Ṣé ká dá wọn dúró ni, àbí kí la ṣe?"

Àbúrò mi, òkun o, kú ìtọ́jú Bàbá. Mo ka ìwé rẹ tán mo tún kà á, o da ọ̀rọ̀ ayé, ọ̀rọ̀ pásítọ̀, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ orúnkún pọ̀ mọ́ra wọn, ṣùgbọ́n èyí tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀ tó ò kọ síta ni pé ṣé kì í ṣe pé Bàbá ti fi ọjọ́ ayé wọn ṣòfò. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ò gbé inú ilé yín o, mi ò sì bá Bàbá ṣiṣẹ́ rí, torí náà ohun tí màá sọ lórí wọn gan-an, kí ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ fi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo mọ̀ ni agboolé tí wọ́n ti jáde. Èmi náà bá ẹgbẹ́ eléré rìn nígbà ọ̀dọ́ mi, mo ti sùn sórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé lẹ́yìn eré láìmọye ìgbà, kí n tó lọ kàwé nípa iṣẹ́ náà n'Ílọrin, kí n tó padà wálé wá di tíṣà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ gbajúmọ̀. Àwọn èèyàn rò pé gbogbo òṣèré ló jọ bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe jù lá di aṣíwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá nígbà tí Bàbá wọṣẹ́. Ẹgbẹ́ tíátà ìgbà yẹn, ẹnìkan ló ni ín. Òun ló dá a sílẹ̀, òun ló ń ro ìtàn, òun ló ń kọ orin, òun ló ni ọkọ̀, òun ló ni jẹnẹrétọ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà gàdàgbà lára ọkọ̀ náà, òun náà ló sì máa ń ṣe ẹni tí eré dá lé lórí. Dúró Ládiípọ̀ ni Ṣàngó nínú Ọba Kò So, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún ni Ọya. Ògúndé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n. Moses Ọláìyá ni Bàbá Sàlá, ta ló wá fẹ́ dìde nínú ẹgbẹ́ Aláwàdà pé òun náà fẹ́ ṣe Bàbá Sàlá lálẹ́ òní? Ọmọ iṣẹ́ làwọn tó kù, bí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì gẹ́lẹ́, ọkọ̀ tó o bá tún ṣe, ọ̀gá ni wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí o bá fẹ́ kí eré dá lé ọ lórí, àfi kí o lọ dá ẹgbẹ́ tìẹ sílẹ̀, owó ọkọ̀ sì rèé, owó aṣọ eré rèé, owó ìlù àti iná rèé. Ọmọ tó sá kúrò nílé ní Yàgbà, ta ló máa fún un lówó ọkọ̀? O mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Ìwé la gbà pé ó ń gbani níbí. Titcombe tàwọn míṣọ́nnárì SIM ti dé Ẹ̀gbẹ̀ láti 1908, Titcombe College sì ti wà níbẹ̀ láti 1951, gbogbo òbí ló ń wá bí ọmọ òun ṣe máa di tíṣà, di nọ́ọ̀sì, di pásítọ̀. Ẹni tó bá lọ bá eléré, ọmọ tó sọnù ni wọ́n kà á sí, wọn ò ní ta kòkó nítorí ẹ̀.

Ti pé àgbà ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ìgbà, ìyẹn náà ní ìdí. Nínú ẹgbẹ́ kan, ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù, àwọn ọmọ ogún ọdún, ọmọ ọdún méjìlélógún. Ṣùgbọ́n kò séré Yorùbá tí kò ní ọba, tí kò ní ìjòyè, tí kò ní ẹni tó máa dífá. Ọ̀gá á wo inú àwọn ọmọ, ẹni tó bá ga díẹ̀, tóhùn rẹ̀ bá rinlẹ̀, tó lè jókòó sójú kan kí ó má rẹ́rìn-ín, òun ni wọ́n máa pè. Wọ́n á da ẹfun tàbí páúdà sí i lórí, wọ́n á fi òwú ṣe irùngbọ̀n fún un, ó di bàbá nìyẹn. Bàbá Sàlá fúnra ẹ̀, nígbà tó ń ṣe arúgbó ahun tó so aago ìdájí ńlá mọ́ra bí aago ọwọ́, kò tíì pé ogójì ọdún. Tí o bá ti ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ó tán, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ibo ni àyè wà? Eré kan lálẹ́ òní n'Íkàrẹ́, òmíràn lálẹ́ ọ̀la ní Kàbbà, ọ̀tunla Ìsánlú, ọ̀gá ò ní ráyè kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tí ìwọ ti mọ̀. Ọdún ń lọ, irun wá funfun fúnra ẹ̀, wọn ò lo páúdà mọ́, àwọn ọmọ tó ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà ló wá dàgbà tí wọ́n di purodúsà, kí ni wọ́n máa pe Bàbá fún tó bá yàtọ̀ sóhun tí wọ́n bá wọn nídìí ẹ̀? Èmi ò rí ọwọ́ àjẹ́ nínú ìyẹn.

Ohun kan tún wà tó kan àwa ọmọ Òkun gan-an, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa tíátà kì í sábà dé ibẹ̀. Eré alárìnjò ìgbà yẹn, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á ní ìwọ wọlé níbí, ìwọ bínú jáde níbí, ó parí, ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ wá ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ Yàgbà lo fi ń lá àlá, tí o wá wà láàárín àwọn ọmọ Òṣogbo àti Ọ̀yọ́ tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn wàrà-wàrà, ibi tí ìjà bá ti gbóná lórí ìtàgé ni ahọ́n ilé máa yọ, àwọn èrò ìran á bú sẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún. Mo rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Ìjùmú kan tó mọ eré jù gbogbo wa lọ, ọ̀gá ò fún un ní ipa olólùfẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọfọ̀, oríkì, ẹsẹ Ifá, àwọn ìyẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, o máa há a sórí ni, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ náà lo máa pè é, ahọ́n ilé ò ráyè yọ. Èrò tèmi ni pé ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa tó bá ẹgbẹ́ lọ fi balẹ̀ síbi babaláwo, ibi arókin, ibi ìjòyè tó máa pòwe méjì tó máa jókòó. Ibẹ̀ ni ẹnu wọn ti mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí orúnkún ò bá dun Bàbá púpọ̀, bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe babaláwo, ó ṣeé ṣe kí ìtàn tí wọ́n máa sọ sún mọ́ èyí.

Mo mọ̀ pé wàá ní àwọn kan kúkú jáde nínú ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n di èèyàn ńlá. Òótọ́ ni. Lére Páímọ́ kúrò lọ́dọ̀ Dúró Ládiípọ̀, ó lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀. Kareem Adépọ̀jù wà lọ́dọ̀ Oyin Adéjọbí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Túndé Kèlání tó fi í ṣe Ọ̀tún nínú fíìmù Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993, látìgbà náà kò sẹ́ni tí kò mọ Bàbá Wándé. Kọ́lá Oyèwọ̀ náà, ọ̀dọ̀ Oyin Adéjọbí kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1964, òun gba Ifẹ̀ lọ, ó kàwé, ó di olùkọ́ ní yunifásítì, òun ló sì ṣe ọba Lápité nínú fíìmù Ṣaworoidẹ ní 1999. Wò ó, ohun tó gbé àwọn mẹ́ta yìí jáde yàtọ̀ síra wọn. Ọ̀kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan pàdé dairẹ́kítọ̀ tó ní ìtàn tó fẹ́ àgbà ní àárín gbùngbùn, ọ̀kan lọ sílé-ìwé. Kò sí èyí tó jẹ́ pé ó kàn mọ eré ṣe ju gbogbo èèyàn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bàbá rẹ ò rí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tàbí kí ọ̀kan ti kọjá lọ́dọ̀ wọn tí wọn ò mú un, ìyẹn kù sọ́wọ́ wọn láti sọ. Ti orúkọ tí ipa gbé mì yẹn ò sì yẹ kó dùn ọ́ tó bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó jẹ́ gbajúmọ̀ gidi náà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Èèyàn mélòó ló mọ̀ pé Ọ̀jọ́ Arówóṣafẹ́ ni Fádèyí Olóró tó kú ní 2023? Àrélù, eré tẹlifíṣọ̀n ti Jímọ̀ Àlíù, ló ti gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ tipẹ́. Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú, Òrìṣàbùnmi. Charles Olúmo, Àgbákò, tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba ọmọdé lójú títì. Tó bá sì jẹ́ ti babaláwo ni, Peter Fátómilọ́lá tó ti wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ eléré Orí Olókun n'Ífẹ̀ láyé Ọlá Rótìmí ń ṣe babaláwo títí dòní, ẹni iyì ni láàárín àwọn òṣèré. Ipa babaláwo kọ́ ló dí Bàbá lọ́nà.

Ó kù kí n sọ èyí tó lè má dùn mọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kí Bàbá má mọ eré ṣe tó bó o ṣe rò o. Ọmọ wọn ni ọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé láti 1975 títí dòní, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wú ikọ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà na ọ̀pẹ̀lẹ̀, o lè yọ wọ́n nínú fíìmù kan fi sínú òmíràn kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí wàá ṣe mọ ti Bàbá rèé: má wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, wò wọ́n nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀. Òṣèré tó ń dúró de kí ọ̀rọ̀ kàn án, ojú ẹ̀ á ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́, wàá rí i pé ó ń gbọ́, pé ọ̀rọ̀ yẹn ń wọ̀ ọ́ lára, ẹni tó ń bá a ṣeré á sì dára sí i láìmọ ohun tó fà á. Ìkejì ni ohùn. Lórí ìtàgé kò sí máìkì, o máa ju ohùn rẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ojú rẹ máa tóbi, ọwọ́ rẹ máa fẹ̀. Kámẹ́rà ò fẹ́ ìyẹn, kámẹ́rà wà nítòsí, bí o bá pariwo o ti ba nǹkan jẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ìtàgé ni kò lè fi igbe sílẹ̀ títí wọ́n fi kú. Tí Bàbá bá ti la ìtàgé, tẹlifíṣọ̀n, sinimá, fídíò àti fóònù kọjá, tí wọ́n ṣì ń pè wọ́n láti Ìbàdàn pé kí wọ́n gbọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá, a jẹ́ pé wọ́n ní nǹkan lọ́wọ́, torí àwọn purodúsà òde òní ò níwà àánú tó bẹ́ẹ̀, àwọn arúgbó pọ̀ n'Íbàdàn tí wọ́n lè fi ṣe babaláwo. Wo Adébáyọ̀ Fálétí nínú Ṣaworoidẹ, kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọ̀dọ́ akíkanjú, Ọ̀pálábá ló ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo fíìmù yẹn lẹ́ẹ̀kan á rántí ẹ̀. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo ń sọ.

Ti pásítọ̀, mo fẹ́ fọ̀wọ̀ sọ ọ́ torí èmi náà ọmọ ìjọ ni mí. Ta ni wọ́n rò pé ó dá tíátà yìí sílẹ̀? Eré ìjọ ni Ògúndé kọ́kọ́ ṣe ní 1944, ọgbà Édẹ́nì ló dá lé. Dúró Ládiípọ̀ kọrin Àjíǹde fún ìjọ l'Óṣogbo ní 1961, ìlù tó fi sí i ló bí àwọn ará ìjọ nínú, ó wá gbé eré rẹ̀ jáde síta. Àwọn Mount Zion tí a jọ ń wò nílé ìjọsìn níbí, ṣé kò sí babaláwo nínú eré tiwọn ni? Ìṣàwúrù inú fíìmù wọn Agbára Ńlá ńkọ́? Èèyàn ẹlẹ́ran ara kan ló ṣe é, ó sì lọ sílé lọ jẹun lẹ́yìn ẹ̀. Wòólì ò lè borí babaláwo tí ẹnikẹ́ni ò gbà láti ṣe. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn àgbà eléré kì í pe ọfọ̀ tán nínú eré, wọ́n máa ń gé e, wọ́n á pa orúkọ kan dà, ohun tí àwọn ọ̀gá kọ́ wa nìyẹn, ìwọ bi Bàbá. Mi ò ní kí o bá pásítọ̀ jà. Ní kí Bàbá fúnra wọn lọ bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n wọ ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì lọ, kí wọ́n má wọ aṣọ lokéṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ pé ayé so wọ́n mọ́lẹ̀, mi ò ní bá ẹbí jiyàn lórí ohun tí a kò lè fojú rí, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá ló ṣẹlẹ̀ sí ọgọ́rọ̀ ọmọ iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ mìíràn, ayé ọ̀dọ̀ wa ò kúkú lè dé gbogbo ibẹ̀.

Owó wá ni. Ọ̀rọ̀ owó gùn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti jẹ wọ́n níyà gan-an. Láyé alárìnjò, owó ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá á yọ owó gbọ̀ngàn, owó epo, owó oúnjẹ gbogbo ẹgbẹ́, á wá fún ọmọ iṣẹ́ ní owó ọṣẹ. Kò sí ìwé, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí sinimá dé, Adé Love ṣe Àjàní Ògún pẹ̀lú Ọlá Balógun ní 1976, Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, gbogbo ayé ń rọ́ lọ wò ó, àwa rò pé owó ti dé. Owó tí wọ́n fi ń ṣe sinimá ò kéré, wọ́n máa ń yá a ni, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń fọ fíìmù náà, ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló tún máa gbé ẹ̀rọ káàkiri láti ìlú dé ìlú. Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Mooru ní 1982, àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè wọ ọ̀gá lọ́rùn. Tí ọ̀gá bá jẹ gbèsè, kí ló fẹ́ kan ẹni tó ṣe babaláwo ní ìṣẹ́jú márùn-ún? Fídíò dé, ibi tó wá burú sí nìyí, torí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní àwìn: wá bá mi ṣe tèmi, èmi náà á wá ṣe tìẹ tó o bá ń ṣe. Ó dára fún ẹni tó ní fíìmù tirẹ̀ láti ṣe. Bàbá tí kò ní, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń ṣe fún gbogbo èèyàn, wọ́n á fún un lówó mọ́tò. YouTube òde òní náà, owó ọjọ́ kan ni wọ́n máa ń san, tí fídíò yẹn bá wá ní mílíọ̀nù èèyàn tó wò ó, ẹni tó ni chánẹ́ẹ̀lì lowó ń wọlé fún. Torí náà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ bá ń sọ pé Bàbá ti ná owó wọn fún obìnrin tàbí ọtí, ẹ kọ́kọ́ ṣírò bóyá owó kankan wà láti ná.

Fídíò tí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ ṣe, mi ò ní sọ pé kò dáa, mo ti rí i tó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó ní àsìkò tirẹ̀. Tó bá jẹ́ àìsàn ńlá, iṣẹ́ abẹ tí owó ẹ̀ wà nílẹ̀, tí ẹ ní ìwé dókítà lọ́wọ́, tí akáǹtì jẹ́ orúkọ Bàbá, ẹ ṣe é, kí ojú má tì yín. Tó bá jẹ́ owó oúnjẹ àti orúnkún, ẹ má tíì ṣe é. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lowó máa ń wọlé, lẹ́yìn náà àwọn èèyàn á máa béèrè ohun tí ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ ṣe, ọjọ́ tí àìsàn gidi bá wá dé etí wọn á ti di. Èyí tó tún burú jù ni pé purodúsà tó bá rí Bàbá tí wọ́n ń sunkún lórí Facebook á gbà pé wọn ò lè dúró mọ́, kò ní pè wọ́n. Àti ohun kan, ẹ bi wọ́n. Bàbá tó lo gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ní ipò ìjòyè, ó lè má fẹ́ kí wọ́n rí òun báyẹn. Kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tí Bàbá ń san owó ẹgbẹ́ fún, TAMPAN tàbí ANTP tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni káàdì wọn wà, kí ẹ fi ìwé bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe fóònù. Ìrànlọ́wọ́ wọn kì í pọ̀, mi ò ní tàn ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ ní lọ́wọ́ dáa ju ìlérí lórí fóònù lọ.

Dídá wọn dúró ńkọ́? Èmi ò ní dá wọn dúró. Mo ti rí àwọn àgbà tí ọmọ wọn kó báàgì wọn pamọ́, wọn ò pẹ́ kí wọ́n tó máa gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ náà. Iṣẹ́ yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n há nǹkan sórí lárọ̀ọ́lọ́jọ́. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ìwọ di ẹni tí purodúsà máa bá sọ̀rọ̀ kó tó bá Bàbá sọ̀rọ̀. Owó mọ́tò lílọ àti bíbọ̀ gbọ́dọ̀ wọ akáǹtì kí wọ́n tó kúrò ní Mọ̀pà. Kí wọ́n má rin ìrìn alẹ́ rárá, o mọ bí ọ̀rọ̀ ajínigbé ṣe rí lọ́nà wa yìí, tí lokéṣọ̀n bá jẹ́ Ìbàdàn kí wọ́n sùn n'Ílọrin lọ́dọ̀ ẹbí kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan tẹ̀ lé wọn, purodúsà ló máa bọ́ àwọn méjèèjì. Kí wọ́n ya gbogbo ibi tí Bàbá ti yọ pọ̀ lọ́jọ́ kan tàbí méjì, iṣẹ́ dairẹ́kítọ̀ tó mọṣẹ́ ni láti ṣètò ìyẹn, ẹni tó bá ní kí bàbá olórúnkún dúró fọ́jọ́ mẹ́fà láti yọ nígbà mẹ́ta, kí ó wá ẹlòmíràn. Kí babaláwo tí wọ́n máa ṣe jókòó, kò sí babaláwo tí kì í jókòó. Kí orúkọ Bàbá gan-an jáde nínú fíìmù, orúkọ tí òbí sọ wọ́n, kí "Bàbá Awo" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́. Gbogbo èyí, kí ó wà nínú ìwé, bó jẹ́ ojú ìwé kan ṣoṣo. Òfin kọ́píráìtì ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ti 2022 fún òṣèré náà ní ẹ̀tọ́ lórí eré tó ṣe, kì í ṣe purodúsà nìkan ló ni ín, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe lọ́yà, kí lọ́yà kan ní Kàbbà tàbí Lọ́kọ́ja bá yín wo ìwé náà kí Bàbá tó fọwọ́ sí i. Àwọn purodúsà kan á bínú sí gbogbo ẹ̀, wọn ò ní pè mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ.

Owó kékèèké míì wà nítòsí. Ohùn Bàbá lè ka ìpolówó fún rédíò, àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó lè pè wọ́n wá súre tàbí wá kéwì, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ tó ń múra eré Kérésìmesì lè gbà wọ́n láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró àti bí wọ́n ṣe ń ju ohùn. Kò lè bọ́ ilé o. Ó lè ra oògùn orúnkún, kò sì gba kí wọ́n kọjá Ìsánlú.

Èyí tí mo fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí gan-an kò ná ọ ní nǹkan. Ra ìwé ńlá kan, jókòó ti Bàbá, tan fóònù kó máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ wo ni wọ́n kọ́kọ́ bá lọ, ta lọ̀gá, ta ni ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn, eré wo ni wọ́n ṣe, ipa wo, ìlú wo, ó tó ọdún wo. Tí wọn ò bá rántí ọdún, bi wọ́n pé Gómìnà wo ló wà níbẹ̀, àbí a ṣì wà ní Kwara, àbí Kogi ti dé ní 1991. Ìwé Atọ́ka, magasíìnì tó máa ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré, tí wọ́n ti yà wọ́n, tó bá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé ẹ̀ kí ikán tó jẹ ẹ́, kí o sì kọ orúkọ gbogbo èèyàn tó wà nínú fọ́tò náà sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé. Ìwé yẹn lo máa mú lọ bá TAMPAN, òun lo máa fi han purodúsà tó bá ní kí ni Bàbá ti ṣe rí, ẹ̀dà ẹ̀ kan sì lè lọ sí ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní eré ní Yunifásítì Ìlọrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń wá irú ẹ̀ láti fi kọ ìwé àṣekágbá wọn. Tí o bá ti dé ibi orúkọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ àti ọ̀gá wọn, fi ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ díẹ̀ nínú àwọn tó rìn ní Òṣogbo nígbà yẹn, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan nínú wọn ṣì wà tí Bàbá máa fẹ́ bá sọ̀rọ̀.